Robin Hood's Bay: Ọ̀nà Iṣẹ́ Tó Di Ọ̀nà Ìgbafẹ́

Etíkun ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ òní dá lé, ní ẹkùn Àríwá Yorkshire, níbi tí abúlé kékeré kan ti rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, tó sì kọjú sí òkun. Robin Hood's Bay lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í fi gbogbo ẹnu pè é. Bay ni wọ́n máa ń sọ. Bí èèyàn bá kúrò ní ìlú Whitby, tó dorí kọ gúúsù, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ tí yóò fi débẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Robin Hood, gbajúmọ̀ ọlọ́ṣà tó ń gba ti olówó fún tálákà, á fẹ́ mọ ohun tó pa á pọ̀ mọ́ abúlé yìí. Kò sí ẹ̀rí kankan pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Irú ọlọ́ṣà mìíràn ni Bay mọ̀ dunjú: àwọn tó ń du ọba ní owó bodè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ń bọ̀ níwájú.

Ẹsẹ̀ rírìn ló ń gbé àlejò lọ síbẹ̀ lónìí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ olókìkí mẹ́ta ló pàdé ní abúlé kan ṣoṣo yìí. Èkíní ni Cleveland Way, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 175 láti Helmsley dé Filey. Èkejì ni Coast to Coast, tó la ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já láti òkun dé òkun. Ẹ̀kẹta ni Cinder Track, ojú irin àtijọ́ tí rélùwéè ti fi sílẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò ń wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún pẹ̀lú bàtà líle àti àpò ẹ̀yìn, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn kì í tètè fura sí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló kọ́kọ́ là á.

Òkè ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àlejò ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí, nítorí pé wọn kì í gba ọkọ̀ àlejò láyè láti sọ̀ kalẹ̀ sínú abúlé. Títì kan ló lọ sí ìsàlẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ́ débi pé ẹni tó ń sọ̀ á máa fi gìgísẹ̀ dá ara rẹ̀ dúró, ẹni tó ń gòkè bọ̀ á sì máa mí hẹlẹ. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé ẹ̀gbẹ́ títì náà, amọ̀ sísun pupa ni wọ́n fi bo òrùlé wọn. Ilẹ̀ kò fẹ̀, nítorí náà wọ́n to ilé lé ilé lórí: òrùlé ẹnì kan wà ní déédéé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn. Kọ̀rọ̀ tóóró tóóró ló la àárín wọn kọjá, àwọn mìíràn jẹ́ àtẹ̀gùn òkúta lásán, àwọn mìíràn sì há tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì tó bá pàdé níbẹ̀ á fi ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn.

Apẹja ló tẹ̀ ẹ́ dó bẹ́ẹ̀. Ní ayé Ọba Henry Kẹjọ, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ John Leland rin ilẹ̀ náà káàkiri, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìletò àwọn apẹja ni Bay, pé ọkọ̀ ojú omi 20 ló wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò, tí wọ́n ń pè ní coble, ní iwájú gíga tó lè kojú ìgbì, ìdí rẹ̀ sì pẹlẹbẹ kí wọ́n lè wọ́ ọ gun iyanrìn. Èbúté gidi kò sí níbẹ̀ nígbà náà, kò sì sí lónìí. Iyanrìn lèbúté.

Àmọ́ ẹja nìkan kọ́ ló ń gòkè láti etí omi yẹn. Láàárín ọdún 1700 sí 1800, fàyàwọ́ gbòde ní Bay ju ibi púpọ̀ lọ ní gbogbo etíkun Yorkshire. Ogun ló dá a sílẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jagun lọ́tùn-ún lósì, owó bodè ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà àwọn ológun. Wọ́n bu owó lé ọtí, wọ́n bu owó lé tábà, wọ́n bu owó lé sílíkì. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1780, owó bodè orí tíì ti ga ju owó tíì fúnra rẹ̀ lọ: pọ́n-ún 119 lórí ọjà pọ́n-ún 100. Ọkọ̀ ń ti Netherlands àti Faransé bọ̀ lóru, apẹja ń gba ẹrù ní etí omi, àgbẹ̀ ń fi ẹṣin kó o gba orí òkè lọ sí ìlú inú lọ́hùn-ún, olówó tó fi owó rẹ̀ sí i jókòó sílé ń retí èrè. Wọ́n ní àwọn àlùfáà pàápàá kì í béèrè ibi tí ọtí ti wá.

Bí abúlé náà ṣe rí ló gbè wọ́n. Odò kékeré kan tó ń jẹ́ King's Beck gba abẹ́ ilé kọjá nínú ihò tí wọ́n fi òkúta mọ, ó sì yọ ní etí òkun gan-an. Ọkùnrin tó bá tẹ orí ba lè gbé àgbá ọtí gba inú rẹ̀ lọ sábẹ́ ilé, kí aṣọ́bodè tó wà lójú títì má sì rí nǹkan kan. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ibẹ̀ sọ pé ìdì sílíkì lè ti etí omi dé òkè abúlé láìfojú kan oòrùn, nítorí pé àjà ilẹ̀ àti ara ògiri ilé kan já sí ti èkejì.

Kì í ṣe eré. Ní 1773, ọkọ̀ aṣọ́bodè méjì, Mermaid àti Eagle, ko ọkọ̀ onífàyàwọ́ mẹ́ta lójú omi Bay. Ìbọn àwọn onífàyàwọ́ ju tiwọn lọ. Ni wọ́n bá lé àwọn aṣọ́bodè ọba jáde kúrò nínú omi ọba. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìjà mìíràn bẹ́ sílẹ̀ ní etí omi, tìtorí àgbá brandi àti jíìnì 200 pẹ̀lú àpò tíì 15. Àwọn obìnrin náà kò jókòó lásán. Wọ́n ní bí aṣọ́bodè bá wọ kọ̀rọ̀, tàbí bí àwọn tó ń fi agbára mú ọ̀dọ́kùnrin lọ sínú iṣẹ́ ọkọ̀ ogun bá dé, omi gbígbóná ni wọ́n máa ń dà lé wọn lórí láti ojú fèrèsé òkè. Ẹni tó bá dúró nínú ọ̀kan nínú àwọn kọ̀rọ̀ náà lónìí, tó gbójú sókè wo bí fèrèsé ṣe sún mọ́ orí rẹ̀ tó, á gbà pé ìtàn náà ṣeé ṣe.

Ìbọn kọ́ ló ṣẹ́gun fàyàwọ́ tíì, ìṣirò owó ni. Ní 1784, olórí ìjọba, William Pitt, gé owó bodè tíì wálẹ̀ láti 119 nínú ọgọ́rùn-ún sí 12 àti ààbọ̀. Kíákíá ni èrè inú kíkó tíì lóru pòórá.

Ọ̀tá tí Bay kò lè bá dúnàádúrà ni òkun. Òkè tí abúlé náà jókòó lé jẹ́ amọ̀ àti òkúta rírọ̀, ìgbì sì ń jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní 1780, King Street, tó jẹ́ ojú ọ̀nà pàtàkì tó wọ abúlé, ya lulẹ̀ sínú òkun pẹ̀lú àwọn ilé tó wà létí rẹ̀, àwọn èèyàn sì ní láti la títì tuntun. Àwọn ilé mìíràn tẹ̀ lé e láwọn ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ọdún 1975 ni wọ́n tó mọ ògiri kọnkéré ńlá kan dí ìgbì lọ́nà; gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 12. Àwọn arìnrìn-àjò ń fẹ̀yìn tì í jẹ áísíkiriìmù, láìmọ̀ pé òun ló ń gbé ilé orí wọn ró.

Ìtàn kan wà tí kò sí ọmọ Bay tí kò lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1881, ìjì líle mú ọkọ̀ elédùú kan tó ń jẹ́ Visiter nínú omi Bay. Àwọn mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ìgbì kò sì jẹ́ kí wọ́n lè gúnlẹ̀. Bay ní ọkọ̀ adóòlà ẹ̀mí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbó, kò ṣeé gbé lọ sójú irú omi bẹ́ẹ̀. Ni àlùfáà ìjọ bá tẹ wáyà sí Whitby. Òkun ti ru kọjá ohun tí ọkọ̀ adóòlà Whitby, Robert Whitworth, lè gbà wá. Àwọn ará Whitby ní bí omi kò bá ṣeé gbà, àwọn á gba orí ilẹ̀.

Máìlì mẹ́fà ni, lórí òkè, nínú òjò dídì tó ga ju èèyàn lọ láwọn ibì kan. Àwọn kan ń fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà bọ̀ láti Whitby, àwọn mìíràn ń là á láti apá Bay kí wọ́n lè pàdé wọn. Nǹkan bí igba èèyàn ló wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹṣin 18 ló ń fa kẹ̀kẹ́ tí ọkọ̀ náà wà lórí rẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n fi dé Bay! Wọ́n fi okùn dá a dúró bó ṣe ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títì kan náà tí àlejò ń fi gìgísẹ̀ sọ̀ lónìí, ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà sì fún wọn ní wàhálà gidigidi. Wọ́n tì í sómi. Ìgbì ṣẹ́ àjẹ̀ wọn, wọ́n sì ní láti padà. Wọ́n wá àwọn atukọ̀ kún un, wọ́n pín àjẹ̀ tuntun, wọ́n tún kọjú sí i. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n gbé wálẹ̀ láàyè. Wọ́n gbé àmì ìrántí kan kalẹ̀ sí Bay nítorí ọjọ́ náà, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta tíì.

Bí òkun bá ti fà, ẹlẹ́sẹ̀ lè gba orí iyanrìn lọ sí apá gúúsù. Omi tó fà yóò fi àwọn àpáta gígùn hàn tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ nínú ilẹ̀ òkun, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Inú òkúta ibẹ̀ ni èèyàn ti ń rí ìkarahun ẹran omi tó ti wà láyé ṣáájú èèyàn ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 190. Àwọn tó ká roboto ni ammonite. Àwọn ará ayé àtijọ́ ní agbègbè Whitby gbà pé ejò ni wọ́n, pé Hilda ẹni mímọ́, tó dá ilé ìsìn sílẹ̀ níbẹ̀, ló sọ wọ́n di òkúta. Nítorí ọrọ̀ etí omi yìí, Yunifásítì Leeds ní ilé ìwádìí ẹran omi ní Bay láti 1912 títí di 1982. Ní ibi tó wà tẹ́lẹ̀, létí omi gan-an, ni ilé tí wọ́n ti ń ṣàlàyé etíkun náà fún àlejò wà báyìí.

Kò pẹ́ tí iyanrìn náà á fi dé Boggle Hole, níbi tí àwọn àgbà ní iwin ń gbé tẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ arìnrìn-àjò ló ń sùn níbẹ̀ báyìí, nínú ilé tí wọ́n ti ń lọ ọkà láyé ọjọ́un. Láti ibẹ̀, ọ̀nà Cleveland Way gun òkè lọ sí Ravenscar, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ kan tó dá wàhálà púpọ̀ sílẹ̀.

Álọ́ọ̀mù, irú èyí tí wọ́n máa ń jù sínú omi kànga nílé kó lè tòrò, ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1650 títí di 1862. Àwọn aláró àti àwọn oníṣẹ́ awọ ló ń rà á, kí àwọ̀ lè dì mọ́ aṣọ, kí awọ má bàa jẹrà. Ṣíṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Wọ́n á gbẹ́ òkúta dúdú láti ara òkè, wọ́n á kó o jọ gègèrè lórí igi, wọ́n á sì dáná sí i. Iná ọ̀hún lè jó fún oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n á wá fi omi rẹ òkúta tó jóná, wọ́n á sì se omi náà nínú ìkòkò ńlá. Lẹ́yìn èyí ló kan èròjà tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kí ó dà sí òun lára: ìtọ̀ èèyàn. Ti agbègbè náà kò tó lò, nítorí náà wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá ní àgbá àgbá láti London àti Newcastle. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá omi náà ti ki tó, ẹyin adìẹ ni wọ́n ń sọ sínú rẹ̀. Bí ẹyin bá léfòó, ó ti tó àkókò láti jẹ́ kó tutù kó sì dì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà rí ọ̀nà mìíràn tó rọrùn jù láti ṣe álọ́ọ̀mù, iṣẹ́ náà kú. Ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ ọ̀hún ṣì wà létí òkè, ẹni tó bá fẹ́ sì lè wọ àárín rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀.

Ravenscar fúnra rẹ̀ ní ìtàn ilẹ̀ títà. Nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ, iléeṣẹ́ kan pinnu láti sọ ọ́ di ìlú ìgbafẹ́ tó máa bá Scarborough du oníbàárà. Wọ́n la títì, wọ́n ri páìpù sínú ilẹ̀, wọ́n gé ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Ibi tí wọ́n fẹ́ ta ga, atẹ́gùn rẹ̀ le, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì kún fún òkúta dípò iyanrìn. Ilé tí wọ́n rí kọ́ kò tó nǹkan, iléeṣẹ́ náà sì wọko gbèsè ní 1913. Àwọn títì tó yẹ kí ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ṣì wà níbẹ̀, koríko ló yí wọn ká.

Ẹni tó bá ti gun òkè dé Ravenscar lè gba Cinder Track padà sí Bay. Ní 1885 ni rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí láàárín Scarborough àti Whitby, ìrìn kìlómítà 35. Ó gbé ẹja jáde, ó gbé àlejò wọlé. Òun gan-an ló kọ́ àwọn ará ìlú ńlá ní ọ̀nà Bay. Ní 1963, olórí àjọ rélùwéè, Richard Beeching, gbé ìwé àbá kan jáde tó ní kí wọ́n ti ọ̀pọ̀ ojú irin tí kò mówó wọlé pa káàkiri ilẹ̀ náà. Ní 1965, ti Bay náà kásẹ̀ nílẹ̀. Èédú jíjó tí wọ́n fi tẹ́ ìdí irin náà ló fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ òní lórúkọ. Rélùwéè kì í fẹ́ òkè gíga, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi rọ̀ lẹ́sẹ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ òkun lọ, tí àwọn oníkẹ̀kẹ́, àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn òbí tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti Coast to Coast, ìgbádùn ni wọ́n dìídì fà á kalẹ̀ fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Alfred Wainwright ni ẹni tó fà á. Akápò ìlú Kendal ni iṣẹ́ rẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1967, òkè gígùn sì ni àfẹ́ rẹ̀. Ní 1973, ó tẹ ìwé kan jáde tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tó sì ya àwòrán inú rẹ̀, lórí bí èèyàn ṣe lè fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 300 láti St Bees ní etíkun ìwọ̀-oòrùn dé Bay. Ọ̀nà náà la ọgbà ìtọ́jú àdáyébá mẹ́ta kọjá. Àwọn tó ń rìn ín ti sọ ọ́ di àṣà láti ri bàtà wọn bọ òkun ní St Bees, kí wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan níbẹ̀, kí wọ́n sì gbé e dé Bay láti jù ú sínú òkun kejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń wọ Bay Hotel, tó wà létí omi gan-an, láti mu nǹkan kí wọ́n sì fọwọ́ síwèé pé àwọn parí rẹ̀. Ní 2022, ìjọba kéde pé ọ̀nà náà yóò di ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, bíi Cleveland Way, tó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1969.

Ìwé mìíràn ti gbé Bay kiri ayé ṣáájú ti Wainwright. Ibẹ̀ ni Leo Walmsley ti dàgbà, ó sì fi ìgbésí ayé àwọn apẹja rẹ̀ kọ ìtàn àròsọ, lábẹ́ orúkọ abúlé kan tó pè ní Bramblewick. Wọ́n sọ ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, Three Fevers, di fíìmù ní 1935 pẹ̀lú àkọlé Turn of the Tide. Ìjà ìdílé apẹja méjì ló dá lé.

Bí Walmsley bá jí dìde lónìí, kò ní ṣòro fún un láti mọ àwọn kọ̀rọ̀ náà, àwọn ará ilé ló máa pòórá mọ́ ọn lójú. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ìsàlẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń yá wọn fún àlejò, tàbí àwọn tó ń wá síbẹ̀ nígbà ìsinmi nìkan. Owó ilé ti ga kọjá agbára ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ ibẹ̀. Àwọn tó ń gbé Bay yípo ọdún wá pọ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Owó àlejò kan náà ló ń tún òrùlé ṣe, ló ń jẹ́ kí ilé ọtí wà ní ṣíṣí, ló sì ń gbé owó ilé ga. Ọ̀rọ̀ náà le fún àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè ọ̀hún títí di àkókò yìí.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Leeds tàbí York tó bá fẹ́ fojú ara wọn rí i, kò pọn dandan kí wọ́n ní mọ́tò. Bọ́ọ̀sì kan wà tó ń ti Leeds gba York lọ sí Whitby, ọ̀nà tó ń gbà lórí òkè rẹwà púpọ̀. Láti Whitby, bọ́ọ̀sì mìíràn tó ń lọ sí Scarborough yóò já wọn sí òkè Bay. Kí wọ́n mú aṣọ òjò dání, ìbáà jẹ́ oṣù kẹjọ. Kí wọ́n wọ bàtà tí ìdí rẹ̀ gbá ilẹ̀ mú, nítorí ewé òkun orí àpáta ń yọ̀. Kí ẹni tó fẹ́ gba iyanrìn lọ sí Boggle Hole sì kọ́kọ́ béèrè wákàtí tí òkun yóò kún lọ́jọ́ náà, nítorí pé bó bá ti ń kún, ó ń dé ẹsẹ̀ òkè gíga, kò sì sí ibi tí èèyàn máa sá gbà. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún, ọ̀nà òkè ni kó gbà.